Ẹni Tí Yóò Tọ́ Ọbẹ̀ Wò

Gbogbo ẹni tó ní ẹnu ní Èkó ló ní ìdájọ́ lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Awakọ̀ ní tirẹ̀, lọ́yà ní tirẹ̀, ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kò gbà kó dé ìdí ààrò gan-an ní tirẹ̀, òun ló sì máa ń pariwo jù. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ ju ìdájọ́ lọ. Èyí tí àwọn tó ń ta oúnjẹ ń bẹ̀rù ni ti Adéníkẹ́, obìnrin Ìjẹ̀bú kan tó máa ń kọ èrò rẹ̀ nípa ilé oúnjẹ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí Àjíǹde bá ku díẹ̀, á dárúkọ ilé oúnjẹ méjìlá tó dára jù ní Èkó. Ilé oúnjẹ tí orúkọ rẹ̀ bá wọ inú méjìlá yẹn, àga kì í tó níbẹ̀ mọ́. Èyí tí orúkọ rẹ̀ kò bá wọ̀ ọ́, ẹni tó ni ín á ní òun kò tilẹ̀ mọ ìgbà tí wọ́n gbé e jáde.

Morufat wà lára àwọn tó ń pa irọ́ yẹn. Ó ní ilé oúnjẹ kékeré kan ní Oníkan, nínú ilé àtijọ́ kan tó wà lẹ́yìn pápá ìṣeré. Hótẹ́ẹ̀lì ńlá ló ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tó sú u láti máa se oúnjẹ òyìnbó fún àwọn tí kì í jẹ ẹ́ tán, ó kúrò níbẹ̀, ó wá ń se oúnjẹ tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà ní agboolé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Èyí tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n jù ni ẹja ìmóyò, ẹja tí wọ́n fi tòmátò, ata, àlùbọ́sà, aáyù, ọsàn wẹ́wẹ́ àti òróró ólífì sè. Àwọn Àgùdà tó ti Bràsíl bọ̀ ló mú un wọ Èkó, Àmúdàtù, ìyá Morufat, sì kọ́ ọ lọ́wọ́ àna rẹ̀ kan ní Pópó Àgùdà. Kì í sí mágì nínú rẹ̀. Iyọ̀ nìkan ni, òun náà sì gbọ́dọ̀ ṣe déédéé.

Ọdún mẹ́ta ni Morufat fi ka orúkọ méjìlá yẹn látòkè délẹ̀, tó tún kà á látìsàlẹ̀ dókè, tí kò rí tirẹ̀. Ó dùn ún ju bó ṣe ń fi hàn lọ. Lọ́dún yìí, kò sí ohun tó ń fẹ́ ju pé kí orúkọ òun wà níbẹ̀.

Ìrètí, obìnrin Ìjẹ̀ṣà, ni wọ́n jọ ń dáná, ó sì ti tó ọdún mẹ́fà báyìí. Wọ́n ní ìlànà kan. Bí oṣù Ràmàdáánì bá dé, Ìrètí ni yóò máa tọ́ ọbẹ̀ wò. Bí Lẹ́ńtì, ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ àwọn Kristẹni, bá dé, Morufat á gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá tọ́ ọbẹ̀ wò ni yóò fi iyọ̀ sí i, ẹnì kejì kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan iyọ̀ rárá, nítorí pé lọ́dún àkọ́kọ́, àwọn méjèèjì ló fi iyọ̀ sí ìkòkò kan náà, ajá gan-an kọ̀ ọ́.

Àlùfáà mọ́sálásí àdúgbò ti sọ fún Morufat pé kò burú bí alásè tó ń gbààwẹ̀ bá fi ahọ́n kan ọbẹ̀, kó sì tutọ́ rẹ̀ dànù. Àmúdàtù ti fèsì sí èyí kó tó jáde láyé. Ó ní bí kò bá burú, kí àlùfáà wá bá òun tọ́ ọ wò. Ní agboolé wọn, obìnrin tó bá ń gbààwẹ̀ kì í tọ́ nǹkan kan wò. Aládùúgbò tí kò gbààwẹ̀ ni wọ́n máa ń pè. Bí Morufat ṣe bá a nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń ṣe é.

Ọdún yìí ni ọ̀rọ̀ dojú rú, nítorí pé ọjọ́ kan náà ni Ràmàdáánì àti Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n dá ọgbọ́n sí i. Agogo méjìlá ọ̀sán ni ìjọ Ìrètí máa ń ṣínu; ilé oúnjẹ kì í ṣí kó tó di agogo méjì. Nítorí náà, bí Morufat bá ti wọ yàrá ẹ̀yìn lọ láti kírun ọ̀sán, Ìrètí á mu omi, á tọ́ gbogbo ọbẹ̀ wò, á sì fi iyọ̀ sí wọn. Bí Morufat bá jáde, wọ́n á máa bu oúnjẹ. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ láìsí wàhálà.

Ìgbà tó yá ni Zayd tẹ Morufat láago. Zayd ló máa ń ya fọ́tò fún Adéníkẹ́. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni, ògiri kan ló wà láàárín agboolé wọn àti ti Morufat, lẹ́bàá Jankara.

"Àǹtí Mórù, mi ò sọ nǹkan kan fún yín o," ó ní. "Ṣùgbọ́n tó bá di Thursday, ẹ má lọ síbì kankan."

Ní Ọjọ́bọ̀ náà, Morufat ti dé ìdí ààrò kí oòrùn tó mú. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ẹja òbòkún, òun ló gé àlùbọ́sà títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Nígbà tí Ìrètí fẹ́ bá a ro ọbẹ̀, ó ní kó fi í sílẹ̀, pé ti òní, òun nìkan ni yóò sè é. Ìrètí fi í sílẹ̀. Nígbà tí àkókò ìrun tó, Morufat wọ yàrá ẹ̀yìn lọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, àdúà tó gbà lọ́jọ́ yẹn sì gùn ju ti ojoojúmọ́ lọ. Nígbà tó jáde, Ìrètí ti nu àwo sílẹ̀. Morufat kò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀.

Àlejò mẹ́ta dé. Adéníkẹ́ ló ṣáájú. Ẹni tó tẹ̀lé e ni Ọlátúndé, ọ̀gá báǹkì tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n jọ máa ń jẹun kiri. Ó gbà pé oúnjẹ tí àwo rẹ̀ kò bá tóbi ju oúnjẹ inú rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta kì í ṣe oúnjẹ. Zayd ló kẹ́yìn pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn. Wọ́n jókòó sídìí tábìlì tó súnmọ́ fèrèsé tí wọ́n máa ń gba oúnjẹ kọjá, Morufat sì dúró sẹ́yìn fèrèsé náà, ó ń gbọ́ wọn ketekete.

"Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́," Ọlátúndé bẹ̀rẹ̀. "Kò sí ẹni tó ń dáná ní Èkó lónìí bíi ọmọkùnrin V.I. yẹn, èyí tó ń fi èéfín ṣe ìgbín."

"Ìgbín yẹn le, ẹ̀gbọ́n," Adéníkẹ́ dá a lóhùn. "Èéfín nìkan lẹ jẹ."

"Mo ní láti zoom kí n tó rí i nínú àwo," Zayd sọ.

"Ó dáa, ta ni ẹ̀yin mú?" Ọlátúndé bi Adéníkẹ́.

"Màmá Sùúrùlérè tó ń se ìkọ́kọrẹ́."

"Torí pé Ìjẹ̀bú ni yín."

"Torí pé ó dùn ni. Mo tún mú ọmọbìnrin Yábàá yẹn, èyí tó ń se ìrẹsì ọ̀fadà. Kì í rẹ́rìn-ín sí ènìyàn, ṣùgbọ́n ata rẹ̀ mọ́ tónítóní."

Zayd mi orí. "Ẹ lè máa jà. Ẹni tó bá ti kọjá afárá kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó ti kọjá oúnjẹ."

"Ìwọ tó ń gbààwẹ̀, kí ló kàn ọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí?" Ọlátúndé bi í. "Ya fọ́tò tìẹ, jọ̀ọ́."

Ìrètí gbé ẹja ìmóyò jáde, pẹ̀lú ẹ̀bà tí wọ́n fi omi ẹja náà tẹ̀. Zayd ya fọ́tò rẹ̀ lótùn-ún lósì. Àwọn méjì tó kù bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Gbogbo wọn dákẹ́.

Morufat mọ ìdákẹ́jẹ́ dáadáa. Bí oúnjẹ bá ń dùn mọ́ ènìyàn, kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wàá máa gbọ́ ìró àwo rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ ti òní kò ní ìró kankan.

"Hmm," ni Adéníkẹ́ sọ.

"Ẹ dúró ná, ẹ má tíì sọ̀rọ̀." Ọlátúndé tún bù ú jẹ, ó di ojú. "Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

"Kí ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe?"

"Iyọ̀. Kò sí iyọ̀ níbẹ̀ rárá, not even small. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ níbi tí obìnrin yìí ti kọ́ṣẹ́ kò lè gbàgbé iyọ̀. Concept ni. Àwọn ṣẹ́ẹ̀fù ńlá ti ń ṣe é báyìí lókè òkun. Wọ́n á yọ ohun tí gbogbo ènìyàn ń retí kúrò, kí adùn ẹja fúnra rẹ̀ lè jáde."

Adéníkẹ́ tún tọ́ ọ wò. Olóòótọ́ ènìyàn ni, kò sẹ́ni tó lè fi owó tàbí oúnjẹ ọ̀fẹ́ ra ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n olóòótọ́ pàápàá kì í fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun nìkan ni kò yé. Ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rí ohun tí Ọlátúndé ní ó wà níbẹ̀.

"Òótọ́ ni o, ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn jáde dáadáa," ó ní. "Lọ́dún tó kọjá, mo rò pé oúnjẹ ilé lásán ni obìnrin yìí ń sè. Èyí gba ìgboyà. Tí mo bá ní kí n tò wọ́n báyìí, ipò kẹta ni màá fi í sí."

Ipò kẹta. Ayọ̀ sọ nínú Morufat, ìtìjú sì tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀. Ó yíjú sí Ìrètí.

"Ṣé o fi iyọ̀ sí ẹja yìí?"

"Èmi kẹ̀? Ẹ̀yin ni mo rò pé ẹ fi sí i. Ẹ ní kí n fi í sílẹ̀ fún yín."

"Kí o má rò ó ni mo ní. Ìwọ lò ń tọ́ ọ wò, agogo méjìlá sì ti lù."

Ìrètí wo ilẹ̀. "Fíkà ìjọ wa ní kí a gba ààwẹ̀ tòní dé agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Mi ò fẹ́ máa kéde ààwẹ̀ kiri, Bíbélì ní ká má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú kan báyìí ni mo rò ó, mo ní àǹtí kò ní fi ti òní sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n á ti wá ọgbọ́n dá sí i."

Morufat ń gbààwẹ̀, Ìrètí ń gbààwẹ̀, Zayd tó mú wọn wá náà ń gbààwẹ̀. Nínú gbogbo ilé yẹn, àwọn tí ahọ́n wọn wà lómìnira ni àwọn méjì tó jókòó sídìí tábìlì, wọ́n sì ti fi tiwọn ṣe ìdájọ́.

"Àǹtí, ẹ má jáde," ni Ìrètí sọ jẹ́jẹ́. "Wọ́n ń yìn wá. Ẹni tó bá ní ká jẹ èkuru kó tán, kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo."

Ká sọ ti Ọlọ́run, Morufat fẹ́ dákẹ́. Kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni, kò ní kí wọ́n pè é ní concept. Ọdún mẹ́ta ló ti ń retí ọ̀rọ̀ bí irú èyí, ó sì ti dé. Bó bá jókòó jẹ́jẹ́ títí wọ́n fi jẹun tán, orúkọ rẹ̀ á wà nínú méjìlá tó ń jáde ní Sunday. Ó fa àpótí, ó jókòó.

Nígbà náà ni Zayd la ẹnu. Ó fẹ́ràn Morufat, ó sì rò pé òun ń bá a gbé e lárugẹ ni. "Ẹ̀yin lẹ̀ ń pè é ní concept," ó ní. "Bí àwọn màmá wa ṣe ń sè é ní Ìsàlẹ̀ Èkó nìyẹn. Kì í sí iyọ̀ nínú ìmóyò àtijọ́. Alhaja Àmúdàtù, màmá Àǹtí Mórù, bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń sè é."

"Ẹ ẹ̀ rí i," ni Adéníkẹ́ wí. "Ìyẹn ni màá fi bẹ̀rẹ̀."

Morufat dìde. Àmúdàtù tó ń dáná fún gbogbo ìsọmọlórúkọ agboolé, tí àwọn ará Òkè Àrin máa ń pa ṣọ́ọ̀bù tì nítorí ẹja rẹ̀, òun ni wọ́n fẹ́ kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì gẹ́gẹ́ bí obìnrin tí ọbẹ̀ rẹ̀ ń tẹ́. Òkú kò lè jáde wá jiyàn. Ara Morufat kò gbà á. Ó fi aṣọ gbé ìkòkò, ó fi abẹ́ apá mú agolo iyọ̀, ó sì jáde sí wọn.

"Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ má bínú, ẹja yìí tẹ́. A gbàgbé iyọ̀ ni. Kì í ṣe concept. Àwa méjèèjì tó sè é ń gbààwẹ̀, oníkálukú rò pé ẹnì kejì ti fi iyọ̀ sí i. Ìyá mi kò sì se ọbẹ̀ tó tẹ́ rí láyé wọn."

Zayd bẹ̀rẹ̀ sí nu ojú kámẹ́rà rẹ̀. Ọlátúndé ní láti wúkọ́.

"Kò sí ẹni tó lè tọ́ ọ wò nínú kíṣìnnì mi lónìí," Morufat ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Bí ẹ bá lè bá mi tọ́ ọ, màá fi iyọ̀ sí i níwájú yín. Mi ò fẹ́ kí ẹ jáde nílé mi láìjẹ ìmóyò."

Adéníkẹ́ na ọwọ́ gba ṣíbí. Morufat wọ́n iyọ̀ sí i, ó rò ó, ó bù fún un.

"Ó kù."

Ó tún wọ́n ọn.

"Ó kù díẹ̀."

Ó wọ́n ọn lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì fẹ́ dé agolo iyọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń dúró.

"Ó ṣì kù," ni Adéníkẹ́ wí.

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Èmi ni mi ò gbààwẹ̀, àǹtí mi. Ó ṣì kù."

Morufat fi sí i, ó ṣe é bí ẹni tí wọ́n ń fi ipá mú. Adéníkẹ́ tọ́ ọ wò, ó ní ó tó, ó sì fa àwo mọ́ra. Láti ìgbà náà, àwo nìkan ló ń dún. Ọlátúndé gba ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà tó fọwọ́ tán, ó ní òun ṣì rò pé èyí àkọ́kọ́ ní ohun tó fẹ́ sọ.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, Adéníkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú Morufat.

"Kò sí ẹja tó dùn tó báyìí tí mo jẹ lọ́dún yìí," ó ní. "Ṣùgbọ́n mi ò lè kọ ọ́."

"Nítorí iyọ̀ tí a gbàgbé?"

"Rárá. Nítorí pé èmi ni mo sọ iye iyọ̀ tó wọ̀ ọ́. Bí mo bá yìn ín, ara mi ni mo yìn. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Sunday ni list sì ń jáde, mi ò lè padà wá jẹ òmíràn kó tó dìgbà yẹn. Ká ní ẹ ò jáde wá, ẹ̀yin ni ipò kẹta."

"Mo mọ̀," ni Morufat wí. "Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀."

Àwọn tó máa ń sọ pé òótọ́ kì í dun ẹni tó sọ ọ́, wọn ò tíì sọ èyí tó gba nǹkan lọ́wọ́ wọn ni. Ó dun Morufat. Ó fọ ìkòkò tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, ó tún gbá ilẹ̀ tí Ìrètí ti gbá, ó ń kùn nínú títí àwọn oníbàárà fi tán.

Agogo mẹ́fà lù, Ìrètí kò jẹun. Ó ní òun á dúró de àǹtí òun. Nígbà tí wọ́n pe ìrun mọ̀gàríbì, àwọn méjèèjì jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé, wọ́n fi dàbínù àti omi ṣínu, Morufat kírun, ó sì padà wá. Wọ́n gbé ìyókù ẹja náà síwájú. Morufat bù ú sẹ́nu, ó sì dáwọ́ dúró.

"Iyọ̀ yìí ju bí mo ṣe máa ń fi sí i lọ," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó tún bù ú. Ó jẹ ẹ́ pẹ́ kó tó gbé e mì. "Ó sì dùn ju tèmi lọ."

Ìrètí ń yọ egungun ẹja.

"Ìrètí. Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọdún tí mo dé ọ̀dọ̀ yín."

"Ìwọ lò ń fi iyọ̀ sí i nígbà Ràmàdáánì. Kí ló dé tí o kò fi sí i bó ṣe yẹ?"

"Ọbẹ̀ yín ni, àǹtí. Ibi tí ọwọ́ yín bá máa ń dúró ni mo máa ń bá a dúró."

"O kò sì lè la ẹnu sọ fún mi."

"Ẹ ò bi mí rí."

Inú kọ́kọ́ bí Morufat. Ó fẹ́ sọ pé àwọn ènìyàn kì í dúró kí wọ́n bi wọ́n kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó rántí bí òun ṣe máa ń dáhùn bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ nípa ọbẹ̀ ìyá òun, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ojú tì í. Ọdún mẹ́ta ló fi ń wá ohun tí Adéníkẹ́ rò kiri orí fóònù.

"Àwọn tó kù ńkọ́?" ó bèèrè.

"Àwọn wo?"

"Àwọn oúnjẹ tó kù tí à ń sè. Sọ èyí tó wà lọ́kàn rẹ."

Ìrètí wo ojú rẹ̀ dáadáa, bóyá ó dé inú. Ó gbé egungun ẹja sílẹ̀, ó nu ọwọ́.

"Àsáró yẹn," ó ní, "omi ń pọ̀ jù nínú rẹ̀."

Morufat fa àpótí rẹ̀ súnmọ́ ọn. "Máa wí," ó ní.